Olú Ọlọ́wọ́ àti Ọ̀já Àwẹ̀ró

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Ta ló ń dáhùn bí ẹni tí ebi ń pa yẹn? Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin náà lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ iyán tán? Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀ ooo!"

"Ẹ̀n-ẹ́n, ó kù díẹ̀ kí n gbà pé ẹ wà láàyè. Àlọ́ mi yìí kò rìn jìnnà. Ó gba ẹ̀yìnkùlé, ó sọ̀ kalẹ̀ sí etí odò. Ó bá obìnrin kan níbẹ̀, ó bá ẹyẹ kan, ó sì bá ọwọ́ kan tí kò ní ara."

"Yéè! Ọwọ́ tí kò ní ara kẹ̀, Ìyá Àgbà?" Àlàó ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti fà mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Kíkẹ́, lórí ẹní.

"Jókòó dáadáa, kò ní gbá ọ mú."

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ènìyàn àti ẹranko ṣì ń gbọ́ èdè ara wọn, abúlé kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìdí-Àtòrì. Àtòrì ló hù lọ súà sí etí odò wọn. Àtòrì náà lẹ mọ̀ yẹn.

"A mọ̀ ọ́n! Òun ni tíṣà fi ń nà wá!"

"Ẹ káre. Ó dára bí ó ṣe ń rí yín nà."

Ara àtòrì yìí ni olú kan ń hù sí. Kì í ṣe irú olú tí ẹ máa ń rí lẹ́yìn òjò. Kò ní agboòrùn lórí, kò ní ẹsẹ̀ tó fi dúró. Ẹ̀ka gbígbẹ ló ń lẹ̀ mọ́. Ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó yọ ìka jáde, ó sì di ẹ̀ka mú pinpin bí ọwọ́ ọmọ ọwọ́ ṣe máa ń di ìka ìyá rẹ̀ mú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Olú Ọlọ́wọ́. Etí odò yẹn nìkan ló sì wà.

"Ṣé ó dùn lọ́bẹ̀, Ìyá Àgbà?" Kíkẹ́ bèèrè.

"Kò ṣeé sè, kò ṣeé jẹ."

"Kí ló wá wúlò fún?"

"Ìwọ náà kò ṣeé sè, Kíkẹ́. Kí lo wúlò fún?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Kíkẹ́ fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ẹ gbọ́ iṣẹ́ tó ń ṣe. Bí ẹ̀ka àtòrì bá gbẹ, jíjábọ́ ló kàn. Ṣùgbọ́n èyí tí Olú Ọlọ́wọ́ bá wà lára rẹ̀ kì í jábọ́. Ìka kan a di ẹ̀ka gbígbẹ mú, ìka kejì a nà mọ́ ẹ̀ka tútù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a sì so wọ́n pọ̀. Olú a máa jẹun lára igi gbígbẹ, igi gbígbẹ a máa wà lókè. Wọ́n jọ ń gbé bẹ́ẹ̀ ni.

Ológoṣẹ́, ẹyẹ kékeré yẹn, ló mọ èyí. Ní ọdún tó kọjá, ó kọ́ ilé rẹ̀ sórí ẹ̀ka tútù. Ejò gùn ún, ó gbé gbogbo ọmọ rẹ̀ mì. Ológoṣẹ́ sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Ni ó bá rò ó pé, "Ejò wúwo. Ẹ̀rù ẹ̀ka gbígbẹ a máa bà á, torí tó bá dá, inú odò ló ń lọ." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ kọ́ ilé tuntun sórí ẹ̀ka gbígbẹ kan tí Olú Ọlọ́wọ́ dì mú. Ó yé ẹyin síbẹ̀, ó sì sàba lé e.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti obìnrin náà. Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀, ìyàwó ilé ni, ó ń tọ́ ọmọ lọ́wọ́. Afínjú! Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ẹ lè da ẹ̀wà sílẹ̀ níbẹ̀ kí ẹ máa ṣà á jẹ. Ewé kan kò gbọdọ̀ jábọ́ kó sùn síbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kò tí ì gbé ife omi kalẹ̀ tán tí yóò ti gbà á fọ̀.

"Bíi ti ẹ̀yin náà, Ìyá Àgbà," Àlàó sọ.

"Ta ló bi ọ́?"

Òfin abúlé yẹn ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé àtòrì tútù létí odò, torí gbòǹgbò rẹ̀ ló ń di ilẹ̀ mú kó má wó. Èyí tó bá ti gbẹ, ẹni tó bá wù ú kó ṣẹ́ ẹ fi dáná. Òfin tó dára ni. Kò sẹ́ni tó rántí ẹni tí ń gbé lára èyí tó gbẹ.

Àwẹ̀ró dé etí odò lọ́jọ́ kan, ó káwọ́ lérí. "Ẹ wo ìdọ̀tí! Ẹ wo bí gbígbẹ ṣe pọ̀ láàárín tútù!" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ wọn. Lónìí, ìdì kan. Lọ́la, ìdì mìíràn. Tòun tolú, tòun tìka, gbogbo rẹ̀ ló ń wọ ìdí ààrò. Àwọn ìyálé ń kí i, wọ́n ní, "Àwẹ̀ró, o káre o! Odò wa ti dára." Inú rẹ̀ dùn, ó tún ń ṣẹ́ ẹ.

Títí ó fi ku ẹ̀ka kan ṣoṣo. Ẹ̀ka Ológoṣẹ́ ni. Ó nà sórí omi níbi tí ọwọ́ kò tó. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú, tí odò fà, Àwẹ̀ró pọn ọmọ rẹ̀, ó wọ inú omi dé orúnkún, ó na ọwọ́ sókè.

Ni Ológoṣẹ́ bá fi orin bọ ẹnu. "Rọra" ni ẹ ó máa fi gbè é.

*Àwẹ̀ró, má ṣẹ́ ẹ o,*
Rọra.
*Ọmọ mi ń bẹ lókè,*
Rọra.
*Ejò jẹ tèṣí tán,*
Rọra.
*Èyí ló kù mí kù,*
Rọra o, rọra.

"Ẹ tún un gbè, ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn yẹn, mi ò gbọ́ ohùn yín!"

"Rọra o, rọra!"

Àánú ṣe Àwẹ̀ró. Ó fọwọ́ kan ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. "Háà, ìyá ọmọ, má bínú o. Mi ò mọ̀ pé o wà níbẹ̀. Mi ò ní ṣẹ́ ẹ." Ológoṣẹ́ dúpẹ́, ó dúpẹ́. Ebi sì ti ń pa á láti àárọ̀, ó fò lọ wá kòkòrò jẹ.

Àwẹ̀ró ìbá máa lọ ilé rẹ̀ báyìí.

"Kò lọ?"

"Afínjú ni mo pè é fún yín. Ǹjẹ́ ó lè lọ?"

Ó tún gbójú wo ẹ̀ka náà. Ó rí ohun pupa rẹ́súrẹ́sú tó lẹ̀ mọ́ ọn. Ó ní, "Áà, àfòmọ́ ti bá igi yìí jà! Òun ló mú un gbẹ." Ẹ mọ̀ pé bàbá yín a máa gé àfòmọ́ kúrò lára igi obì rẹ̀, kó má baà pa á. Ohun tí Àwẹ̀ró rò nìyẹn. Ó ní òun á bá Ológoṣẹ́ tún ilé rẹ̀ ṣe, kó dé kó wá yọ̀. Ó yọ ọ̀bẹ kékeré níbàdí, ó ń hó o. Ó hó ìka kan, ó bọ́ sódò. Ó hó ìkejì. Ó ń hó o, ó ń kọrin.

Àfi wáà! Ẹ̀ka yẹ̀.

Àwẹ̀ró ju ọ̀bẹ nù, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e. Ẹyin ń yí nínú ilé ẹyẹ, díẹ̀ ló kù kí wọ́n dà sómi. Ìgbà yẹn ló tó yé e. Ohun tó pè ní àfòmọ́, òun ló di ẹ̀ka mú!

"Yéè, Àwẹ̀ró ti ṣe é!" Kíkẹ́ fọwọ́ bo ẹnu.

Ológoṣẹ́ dé. Ó rí i. Kò lè kọrin mọ́, ó kàn ń ké. Àwẹ̀ró náà bú sẹ́kún. "Èmi ni mo bà á jẹ́. Oore ni mo ní kí n ṣe fún ọ, Ọlọ́run gbọ́."

Ni Ejò bá rọra yọrí láàárín koríko. Ohùn rẹ̀ dùn. "Ìyá ọmọ, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú làálàá. Ó ti rẹ̀ yín."

"Ó rẹ̀ mí."

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e díẹ̀. Ẹ sáà gbé e wá sísàlẹ̀ kó kan etídò, iṣẹ́ ti parí."

"Lọ jókòó! Mo mọ ẹni tó jẹ ọmọ èṣí."

Ejò rẹ́rìn-ín, ó ká ara rẹ̀ jọ. "Ó dáa. Mo ní sùúrù. Apá yín kò ní."

Òótọ́ ló sọ. Apá ń ro Àwẹ̀ró. Ọmọ ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí okùn lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ẹni tó lè gbọ́ igbe rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀ tó lè so igi: ọ̀já tó fi pọnmọ. Ìyá rẹ̀ ló hun ún fún un, kí ìyá náà tó kú. Ọmọ kan ṣoṣo ni Àwẹ̀ró jẹ́ fún un. Kì í jẹ́ kí eruku bà lé ọ̀já yẹn.

Ó tẹ̀ba kí ọmọ lè sùn gbalaja sẹ́yìn rẹ̀ nínú ìró. Ó fi ọwọ́ kan gbé ẹ̀ka, ó fi èkejì tú ọ̀já. Ó fi eyín di etí ọ̀já kan mú, ó yí èkejì po ẹ̀ka gbígbẹ àti ẹ̀ka tútù, ó ta á ní kókó, ó tún ta á. Ó wá jù ú sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ó jábọ́?"

"Kò jábọ́!"

Lábẹ́ ọ̀já náà, ìka olú kan ṣoṣo ṣẹ́kù tí ọ̀bẹ kò dé. Àwẹ̀ró rí i, ó ní, "Jọ̀ọ́, má kú." Ó fi ọwọ́ gbé ìdí ọmọ rẹ̀, ó tẹ̀ba báyìí rìn títí dé ilé.

Ẹ wá gbọ́ ẹnu àwọn ará abúlé! "Àwẹ̀ró afínjú! Ó fi ọ̀já so igi gbígbẹ!" "Ṣé orí rẹ̀ pé báyìí?" Ìyálé rẹ̀ kan ní òun á lọ tú ọ̀já náà, òun á fọ̀ ọ́, òun á ká a wá fún un. Àwẹ̀ró sáré gba iwájú rẹ̀, ó kúnlẹ̀ lójú ọ̀nà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ má tú u. Èyí tó kù láyé nìyẹn. Gbogbo ìyókù, ìdí ààrò mi ni mo kó wọn sí." Ó rojọ́ gbogbo rẹ̀ láìfi kan pamọ́. Ìyálé náà nawọ́ sí i. Ó ní, "Dìde, ilẹ̀ tutù. Èmi náà dáná nínú ìdì tí o fún mi." Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò ṣẹ́ gbígbẹ létí odò mọ́. Oko ni wọ́n ti ń wá igi ìdáná, ó sì jìnnà. Wọ́n ń kùn, wọ́n sì ń lọ.

Ẹyin Ológoṣẹ́ pa, àwọn ọmọ dàgbà, wọ́n fò. Òjò wá bẹ̀rẹ̀. Odò kún dé etí. Ọ̀já ń rọ̀ nínú òjò, ó ń jẹrà, Àwẹ̀ró ń wò ó láti òkèèrè. Kò lè fọwọ́ kàn án.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò dá, ó lọ síbẹ̀. Ọ̀já ti já. Àkísà rẹ̀ ló rí tó ń bá omi lọ. Ó di ojú. Ó pẹ́ kó tó gbójú sókè.

Ẹ̀ka wà níbẹ̀.

Ìka tuntun ti yọ, wọ́n pọ̀, wọ́n pọ́n, wọ́n ti na ara wọn mọ́ ẹ̀ka tútù, wọ́n dì í mú pinpin. Ibi tí ọ̀já yí ká gan-an ni wọ́n yí ká. Àwẹ̀ró jókòó sínú ẹrẹ̀, òun tí kì í jókòó sórí ẹní tí wọn kò tí ì gbọn, ó sunkún ayọ̀ níbẹ̀, ẹrẹ̀ kùn ún dé àyà, kò sì nù ún.

Ohun tí àlọ́ yìí kọ́ wa ni pé kí a má ṣe run ohun tí a kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Kí a kọ́kọ́ bèèrè. Àní bí oore la fẹ́ ṣe.

Ibi tí àlọ́ mi gúnlẹ̀ sí rèé. Bí mo bá purọ́ fún yín, kí eyín tó kù mí kù yìí já bọ́ sọ́wọ́ mi. Ẹ wò ó, mo mì ín, kò mì!

"Kò mì, Ìyá Àgbà!"

"Ó dáa. Ẹ ká ẹní, ẹ lọ sùn."