Ìka Osùn Lára Ìdérí Igbá

Àwọn ọ̀mọ̀wé òde òní kì í tẹ iṣẹ́ ìwádìí jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà wọn láìjẹ́ pé ẹlòmíràn tó mọ iṣẹ́ náà ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọn kì í sì í dárúkọ ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Kí wọ́n má rò pé àwọn ni wọ́n dá a sílẹ̀ o. Àwọn oníṣègùn Òkè-Ahùn ti ń ṣe é kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀wé níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá pilẹ̀ oògùn tuntun, kò gbọdọ̀ gbé e lọ sọ́jà. Ìyá Ewé, olórí ẹgbẹ́ wọn, ni yóò gbé e fún àgbà kan láti tọ́ wò. Àgbà náà yóò máa mu ún nílé ara rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Bí ara rẹ̀ bá le koko, yóò ti ìka bọ osùn, yóò sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdérí igbá kọ̀ọ̀kan tí wọn yóò fi ta oògùn náà. Ará ìlú kì í mọ ìka ta ni, wọn kì í sì í béèrè. Èèwọ̀ sì ni kí àgbà tọ́ oògùn ẹbí tàbí àna rẹ̀ wò.

Ewéjẹ́ ni wọ́n fọkàn tán jù nínú àwọn atọ́wò. Oògùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti dá a dùbúlẹ̀ rí, ó sì kọ̀ láti tẹ ìka fún un. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹni kò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Àríkẹ́, àbígbẹ̀yìn rẹ̀, ti pẹ́ nílé láìlọ́kọ kí ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣègùn kan tó ń jẹ́ Àjàgbé tó wá tọrọ rẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́. Wọn kò tíì ṣe ìdána, kò sì sí ẹni tó gbọ́ nílùú. Nígbà tí Ìyá Ewé gbé àgbo ibà ọmọdé tí Àjàgbé pilẹ̀ rẹ̀ wá, ó yẹ kí Ewéjẹ́ ní, "Ẹ gbé e fún ẹlòmíràn, àna mi lọ́la ni." Kò sọ ọ́.

Àjàgbé tajú kán rí igbá rẹ̀ lẹ́bàá ògiri nílé Ewéjẹ́, níbi tó ti wá kí i.

"Bàbá, ibà ti gba ìlú," ó wí. "Bí a bá ní ká dúró ọ̀sẹ̀ kan, àwọn oníṣègùn Ìsàlẹ̀-Odò á gbé tiwọn dọ́jà ṣáájú wa. Orúkọ wọn ni aráyé á máa pè."

"Ta lo ti fún mu?"

"Àwọn ọmọ oko wa, Bàbá. Gbogbo wọn ló dìde."

Irọ́ ni. Kò fún ọmọ kankan mu. Ewéjẹ́ ṣí igbá, ó gbóòórùn àgbo náà, ó sì fi ahọ́n kàn án. Ó korò bí gbogbo àgbo ṣe ń korò. Ó ti ìka bọ osùn, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ àwọn ìdérí tí Àjàgbé kó wá, ìyẹn sì gbé àgbo náà lọ sọ́jà láìdúró de Ìyá Ewé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà, Àwẹ̀ró tí wọ́n jọ pín ògiri gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá, ó pọn ọmọ, ó gbé igbá dání.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá. Ara ọmọ yìí ló gbóná. Mo dúpẹ́ pé mo rí èyí tó ní ìka rà."

Ewéjẹ́ rí ìka ara rẹ̀ lórí ìdérí náà. Ọ̀rọ̀ dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀: má tíì fún un. Ṣùgbọ́n bó bá sọ bẹ́ẹ̀, Àwẹ̀ró á béèrè bó ṣe mọ̀.

"Á sàn o," ó dáhùn. Ohun tí bàbá àgbà yìí rí sọ nìyẹn, inú sì ń bí mi sí i títí dòní.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹkún ti sọ nílé Àwẹ̀ró. Ó tún sọ ní agboolé kejì, ó sọ ní ìsàlẹ̀ ọjà. Gbogbo ọmọ tó mu àgbo náà ni ọkàn wọn dáwọ́ dúró. Àjàgbé ti sá lọ, ẹnikẹ́ni kò sì tún fojú kàn án mọ́.

Ìlú ká ẹgbẹ́ oníṣègùn mọ́lé, wọ́n sì wọ́ wọn dé ààfin. Ọba gbé ìdérí igbá sókè.

"Ìka ta ni èyí?"

"Kábíyèsí, ìka ẹgbẹ́ ni," ni Ìyá Ewé fèsì. "A kì í dárúkọ atọ́wò." Awo ní í gbé awo nígbọ̀nwọ́, ó rò pé ẹgbẹ́ ni òun ń gbà là.

Àwẹ̀ró bọ́ síwájú. Ọ̀já ọmọ ṣì wà láyà rẹ̀.

"Ìka ni mo rí, Kábíyèsí. N kò béèrè ìka ta ni. Àwọn ni wọ́n kọ́ wa pé ká má béèrè."

Ariwo ta. "Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn! Ẹ gé ìka gbogbo wọn!"

"Ó dára," ni ọba wí. "Bó bá jẹ́ ìka ẹgbẹ́ ni, ẹgbẹ́ ni yóò fi ìka san án. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí olórí wọn."

Wọ́n tẹ́ ọwọ́ Ìyá Ewé sórí ìtì igi. Ọwọ́ yẹn ló gbẹ̀bí ìdajì àwọn tó ń pariwo níbẹ̀. Òun ló gbẹ̀bí Àríkẹ́ pàápàá. Obìnrin náà kò wo ọ̀dọ̀ Ewéjẹ́ rárá. Ewéjẹ́ ń ro orúkọ rẹ̀, ó ń ro ọmọ rẹ̀, ẹ̀rù sì bà á. Ó fẹ́ dákẹ́. Tẹ̀tù gbé àdá sókè.

"Ẹ dá a dúró, Kábíyèsí! Ìka mi ni."

"Ṣé o mu ún fún ọ̀sẹ̀ kan?"

"Mo fi ahọ́n kàn án ni."

"Kí ló wà láàárín ìwọ àti ẹni tó sè é?"

"Àna mi ni ì bá jẹ́."

Ẹnì kan tún kígbe látẹ̀yìn pé kí wọ́n ṣáà gé ti gbogbo wọn.

"Rárá," ni ọba wí. "Ta ni yóò wá tọ́jú yín lọ́la? Ẹ fi ọwọ́ ìyá yìí sílẹ̀. Ìka tó ṣẹ̀ ni n ó gé."

Àdá balẹ̀. Ìyá Ewé ló já ewé, tó gún un, tó sì fi di ojú ọgbẹ́ náà fún Ewéjẹ́. Láti ìgbà náà, àárín ọjà, lójú gbogbo ayé, ni atọ́wò ti ń mu oògùn ní Òkè-Ahùn. Àràárọ̀ ni Àwẹ̀ró ṣì ń kúnlẹ̀ kí Ewéjẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, nítorí ẹni tí wọ́n kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ilé ni. Ṣùgbọ́n kì í wojú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló máa ń wò.

Ọ̀rọ̀ tí ọba sọ lọ́jọ́ náà ló tẹnu ará Òkè-Ahùn tàn ká gbogbo ilẹ̀, tí àwọn àgbà fi sọ ọ́ dòwe títí dòní pé: ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé.