Apá Tó Le Là Ń Fá

"Apá tó le là ń fá lára ọrun." Ọmọ ìlú wa kì í tíì mọ ọwọ́ wẹ̀ tí yóò ti máa gbọ́ òwe yìí. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá? Agboolé wa ni. Bí mo bá yangàn díẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́, ẹ má bá mi wí.

Baba ńlá wa, Ọdẹ́níyì, ló ń gbẹ́ ọrun tí gbogbo ọdẹ ìlú fi ń ta ọfà. Onísùúrù èèyàn ni. Àjàgbé àbúrò rẹ̀ ní tirẹ̀ kì í gbà fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ikú bàbá wọn, ó ń wọ inú oko ẹ̀gbọ́n rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹjọ́ bá sì dé iwájú Olúọ́dẹ, olórí àwọn ọdẹ, Ọdẹ́níyì ni wọ́n máa ń bẹ̀. Wọ́n á ní òun lẹ̀gbọ́n, wọ́n á ní àgbà tí kò bínú ni ọmọ rẹ̀ ń pọ̀. Àjàgbé alágídí ńkọ́? Ta ni yóò fọwọ́ kan ẹ̀gún? Oko Ọdẹ́níyì ń kéré sí i, títí ó fi ku etí odò nìkan, níbi tí igi tó fi ń gbẹ́ ọrun wà. Àjàgbé tún ní òun fẹ́ ibẹ̀. Bí ìyẹn bá lọ, iṣẹ́ ìdílé parí nìyẹn.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, Ọdẹ́níyì gbé ọrun tuntun tó ń gbẹ́ fún Olúọ́dẹ lọ́wọ́ wá. Bí Olúọ́dẹ ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ tó máa ń bẹ̀ ẹ́, Ọdẹ́níyì fa ọsán, okùn ọrun náà, níṣojú gbogbo wọn. Apá ìsàlẹ̀ tẹ̀ jù, apá òkè kò mira. Ó yọ ọ̀bẹ, ó gbé e lé apá ìsàlẹ̀ tó ti rọ̀.

Olúọ́dẹ dìde. "Kí lo fẹ́ fi ọrun mi ṣe yìí? Bí o bá tún fá ìyẹn, yóò kán."

"Bàbá, èyí ló gbọ́ràn. Èkejì le, ó ń bá ọ̀bẹ jà."

"Ṣé èmi ni n ó máa kọ́ ọ níṣẹ́ bàbá rẹ ni? Apá tó le là ń fá lára ọrun."

Ọdẹ́níyì gbé ọ̀bẹ kúrò, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ ṣeun, bàbá. Èmi ni apá tó rọ̀ yẹn. Ẹ ti fá mi títí, ó ku kí n kán."

Ojú ti Olúọ́dẹ, ṣùgbọ́n kò bínú. Ó jókòó padà, ó ní kí Àjàgbé bọ́ síwájú. Ọjọ́ náà ni wọ́n kọ́kọ́ sọ fún Àjàgbé pé rárá. Ó fi etí odò sílẹ̀, ó sì dá gbogbo èyí tó ti gbà padà. Níbẹ̀ náà ni Ọdẹ́níyì ti fá apá òkè ọrun náà títí méjèèjì fi tẹ̀ dọ́gba. Igi etí odò wà níbẹ̀ dòní, tiwa ni.

Nítorí náà, nígbà tí ìjà bá dé, tí gbogbo ayé ń rọ́ lọ bẹ onísùúrù torí pé òun ló rọrùn láti bẹ̀, àwọn àgbà máa ń dá wọn dúró, wọ́n á tọ́ka sí alágídí, wọ́n á ní: apá tó le là ń fá lára ọrun.