Bí O Bá Wé Edé, Fi Ìrù Rẹ̀ Síta

Ní Ẹbúté Orógbó, bí ẹnìkan bá ń ta ilẹ̀, tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó gbé omi sẹ́nu, kò ní pẹ́ tí àgbà kan yóò fi sọ fún un pé, "Bí o bá wé edé, fi ìrù rẹ̀ síta." Bí wọ́n bá bi ọkọ ìyàwó léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, tó wá ń yí ọ̀rọ̀ po, ohun kan náà ni wọn yóò sọ fún un. Àlejò tó bá gbọ́ ọ á kàn máa wojú ni. Ohun tí a bá wé, ṣé kì í ṣe pé kó má baà hàn la ṣe wé e? Èwo wá ni ti ìrù tó gbọ́dọ̀ wà níta? Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ pé ìrù ni edé fi ń mí. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Irú wọn ò rí edé rí àfi nínú ọbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ní orírun, ọwọ́ ìyàwó ilé kan ló sì ti jáde. Ẹ jókòó dáadáa.

Àwẹ̀ró lorúkọ ìyàwó náà. Kì í ṣe ọmọ etí omi. Ìjẹ̀bú-Òde ló ti wá fẹ́ Táíríù apẹja, ilé àbúrò ìyá rẹ̀ tó ń ṣe búrẹ́dì ló sì ti dàgbà, nítorí náà ọwọ́ rẹ̀ mọ ìyẹ̀fun. Ilé ọkọ fẹ́ràn rẹ̀, òun náà sì fẹ́ràn wọn. Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: kò tíì ní ààrò tirẹ̀.

Àṣà ilé náà ni. Orí ààrò ìyá ọkọ ni ìyàwó tuntun yóò ti máa dáná, títí ilé yóò fi ṣe ayẹyẹ kan tí òun fúnra rẹ̀ yóò gbọ́ oúnjẹ fún. Olórí ẹbí ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò níṣojú gbogbo èrò. Bó bá jẹ ẹ́, yóò ní kí wọ́n gbé òkúta ààrò mẹ́ta fún ìyàwó, láti ọjọ́ náà lọ ni yóò ti máa dá ọbẹ̀ tirẹ̀ sè. Bí kò bá jẹ ẹ́, ó di ayẹyẹ mìíràn, ta ló sì mọ ìgbà tí ìyẹn yóò tún wáyé? Ìyàálé kan wà nínú agboolé náà, Ìyá Sáká, tí iyọ̀ já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú oúnjẹ lọ́jọ́ tirẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ti ń hu irùngbọ̀n báyìí, orí ààrò ìyá ọkọ náà ló ṣì ń dáná. Gbogbo ìgbà tí Àwẹ̀ró bá rí i tó dúró tó ń retí kí ààrò ṣófo, àyà rẹ̀ á já.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé ẹbí náà kan ọkọ̀ ojú omi tuntun, ọkọ̀ gbàǹgbà tó lè gbé èrò dé ọjà. Wọ́n mú ọjọ́ tí wọn yóò tì í sómi, lọ́sàn-án, nígbà tí omi bá kún. Ìyá Táíríù pe Àwẹ̀ró, ó ní, "Ìyàwó mi, ìwọ ni wàá ṣe ìpanu fáwọn àlejò."

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ dúpẹ́. Nígbà tó dìde, inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbé korobá lọ sí kànga, ó sì gbàgbé korobá náà síbẹ̀ bọ̀ wálé.

Nígbà tí ọjọ́ pé, kí adìyẹ tó jáde ló ti po ìyẹ̀fun. Bọ́tà, iyọ̀ díẹ̀, omi tútù láti inú àmù. Ó pò ó, ó fi aṣọ bò ó kó sinmi, ó wá fi ìgò yí i lórí pákó títí ó fi fẹ̀ pẹrẹsẹ, ó sì gé e tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Táíríù ti kó edé tútù dé, ńláńlá, tí wọ́n ṣì ń fò nínú agbọ̀n. Àwẹ̀ró bó wọn, ó fi ata, àlùbọ́sà àti iyọ̀ pa wọ́n lára, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìyẹ̀fun wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ohun tó le níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ gèlè wé, ó lè wé edé.

Àwọn obìnrin ilé pagbo yí i ká. Ní ìlú wọn, edé inú ọbẹ̀ ni wọ́n mọ̀, àti èyí tí wọ́n bá yan gbẹ. Wọn ò rí edé tó wọṣọ rí.

"Ṣé òróró la máa dà wọ́n sí báyìí?" Eyínafẹ́ ló béèrè. Àbúrò ọkọ Àwẹ̀ró ni, ọmọge tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Àwẹ̀ró ló sọ ọ́ ní Eyínafẹ́, nítorí ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ.

"Òróró ni. Bó bá ti pọ́n, ẹ ó máa gbọ́ ọ lẹ́nu bó ṣe ń rún wómúwómú."

Ìyá Táíríù wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń wò wọ́n. Nígbà tó yá, ó ní, "Àwẹ̀ró, ìrù edé dà?"

"Mo ti gé e dànù, Ìyá mi."

"Èéṣe?"

"Kí gbogbo wọn lè dọ́gba ni. Bí ìrù bá yọ síta, á dà bíi pé aṣọ ò tó wọn."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Ìyá Táíríù ò rẹ́rìn-ín. "Èmi ì bá fi ìrù ẹ̀ síta. Rántí Bàbá."

Bàbá tí wọ́n ń wí yìí ni Bàbá Lámídì, olórí ẹbí. Kò sí ohun tí Bàbá Lámídì kì í jẹ lórí ilẹ̀ àti nínú omi, àfi edé. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó jẹ ẹ́ lọ́jà kan, ètè rẹ̀ wú, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ sì dí, orí ẹní ni wọ́n fi gbé e wálé. Ọmọ ìlú elédé ni, ẹ wá wo ohun tí orí yàn fún un.

"Mo ti rántí wọn, Ìyá mi," Àwẹ̀ró dáhùn. "Ẹja ọ̀bọ̀kún ni mo ń wé fún wọn. Tíréè tiwọn lọ́tọ̀, tàwọn àlejò lọ́tọ̀. Ṣé mo wá lè ṣì í mú ni?"

"O ò ní ṣì í mú. Ṣùgbọ́n ìwọ nìkan kọ́ lo lọ́wọ́ nílé yìí." Ìyá Táíríù dìde. "Ti Bàbá ni kó o kọ́kọ́ dín, kí òróró tó mọ̀ pé edé wà láyé."

Àwẹ̀ró gbọ́ ti òróró, kò gbọ́ ti ìrù. Ẹwà ló ń lé. Ó fẹ́ kí wọ́n ṣí aṣọ lórí ìpanu òun kí ẹnu ya ìlú. Ó dín ẹja, ó dín edé, gbogbo rẹ̀ pọ́n dẹ́dẹ́ bí ìbejì, kò sí bí ojú ṣe lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ó tò wọ́n, ti Bàbá sórí tíréè kékeré, ti àlejò sórí ńlá, ó sì sáré lọ wẹ̀ kó lè múra.

Kò pẹ́ sígbà náà tí Eyínafẹ́ wọlé. Inú òun náà ń dùn, ara rẹ̀ ń yá gágá. Ó wo tíréè kékeré, ó ní irú èyí kọ́ ló yẹ kí wọ́n gbé síwájú olórí ẹbí. Ó da ti kékeré sórí ti ńlá, ó tún gbogbo rẹ̀ tò títí ó fi ga bí òkìtì, ó fi aṣọ funfun bò ó, ó sì gbé e lọ sétí omi. Ìfẹ́ ló fi ṣe é. Ohun tí ìfẹ́ ti bà jẹ́ láyé yìí kò kéré.

Èrò ti kún etí omi. Àwọn kan wà nínú ọkọ̀ kéékèèké, àwọn ọmọdé ti gun orí igi. Ọkọ̀ tuntun wà lórí ìtì igi, ó kọjú sómi, Gbénga Kánkáwó tó kàn án sì ń lọ, ó ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń sọ pé omi ti kún, kí wọ́n ṣe kíá. Bàbá Lámídì jókòó sórí àga. Níwájú rẹ̀, lórí ẹní, òkúta ààrò mẹ́ta ni, wọ́n ti fọ̀ wọ́n mọ́. Àwẹ̀ró rí òkúta wọ̀nyẹn, ọkàn rẹ̀ fò sókè. Ó kúnlẹ̀, ó ṣí aṣọ.

Èrò hó yè. Ìpanu náà rẹwà. Ṣùgbọ́n tíréè kan ṣoṣo ni Àwẹ̀ró rí, ó wò yíká bóyá òmíràn wà lẹ́yìn, kò sí. Ó wo ojú Eyínafẹ́, ó rí i tó ń rẹ́rìn-ín, ó sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Bàbá Lámídì na ọwọ́, ó tún dá a dúró. "Ìyàwó, èwo ni tèmi níbẹ̀? O mọ̀ pé èmi àti edé kì í gbé pọ̀."

Àwẹ̀ró wo òkìtì náà. Ó gbìyànjú láti rántí bí ti ẹja ṣe rí, gbogbo wọn sì rí bákan náà. Bí òun ti fẹ́ kó rí nìyẹn.

"Mú ọ̀kan ṣáá," Eyínafẹ́ sọ sí i létí. Ó ti yé òun náà báyìí. "Bóyá á bọ́ sí i."

Àwẹ̀ró gbé ojú sókè, ó rí Ìyá Sáká láàárín èrò tó ń wò ó. Ẹ̀rù bà á, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n. Ó wu ú gan-an láti mú ọ̀kan. Ó tilẹ̀ ti gbé ọwọ́.

Ó fa ọwọ́ náà padà. "Bàbá, mi ò mọ̀ ọ́n."

"Kí lo wí?"

"Mi ò mọ èyí tó jẹ́ ti yín. Wọ́n ti dà pọ̀. Ìyá mi ní kí n fi ìrù edé síta, mo ní yóò ba ẹwà ẹ̀ jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ nínú ẹ̀ rárá." Ó sì fi aṣọ bo tíréè padà.

"Èmi ni mo dà wọ́n pọ̀, Bàbá," Eyínafẹ́ wí, omi ti ń dà lójú rẹ̀.

Gbogbo etí omi ń kùn. Ọ̀kan nínú àwọn mọ̀lẹ́bí ti bẹ̀rẹ̀, ó ń gbé òkúta kan kúrò lórí ẹní.

"Ta ló ní kó o gbé e?" Bàbá Lámídì bi í. "Gbé e kalẹ̀." Ó yíjú sí èrò. "Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ kú, mo béèrè lọ́wọ́ olóúnjẹ bóyá edé wà níbẹ̀. Ó ní kò sí. Kò mọ̀, ó kàn fẹ́ kí n jẹun ni. Láti ìgbà náà, bí mo bá lọ sóde, ẹnu ẹlẹ́nu ni mo máa ń wò. Ọmọ yìí ni ẹni àkọ́kọ́ tó sọ fún mi pé òun ò mọ̀." Ó bojú wo Àwẹ̀ró. "Ṣé ìyẹ̀fun ṣẹ́ kù?"

"Ó kù, Bàbá."

"Ẹja ńkọ́?"

"Ó wà, Bàbá."

"Mo ń dúró dè ọ́."

"Bàbá, omi á fà o," Gbénga Kánkáwó wí.

"Tí ìyàwó wa bá yára, a ó bá a."

Àwẹ̀ró ò dúró wọ bàtà. Gbogbo obìnrin ilé ló sáré tẹ̀ lé e. Ẹnìkan ń yí ìyẹ̀fun, ẹnìkan ń yọ eegun ẹja, Ìyá Táíríù gbé ìkòkò tí ẹnikẹ́ni ò tíì lò rí jáde, Ìyá Sáká ló sì ń fẹ́ iná, ó ń fẹ́ ẹ bí ẹni pé ti ara rẹ̀ ni. Wọ́n dín ẹja. Lẹ́yìn náà, Àwẹ̀ró mú edé tó kù, ó wé wọn lára, ó sì fi ìrù wọn sílẹ̀ gbalaja. Nígbà tí wọ́n jáde nínú òróró, ìrù náà pupa fòò, ó tàn. Àwẹ̀ró wò ó. Kò ba ẹwà kankan jẹ́. Ó tilẹ̀ rẹwà ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Abọ́ méjì ni wọ́n gbé dé iwájú Bàbá Lámídì. "Bí Eyínafẹ́ bá tún dà á pọ̀," Ìyá Táíríù wí, "ojú á yà wọ́n sọ́tọ̀." Eyínafẹ́ rẹ́rìn-ín mọ́ ẹkún.

Bàbá Lámídì ò bi ẹnikẹ́ni léèrè mọ́. Ó wo abọ́ kan, ó rí ìrù, ó rẹ́rìn-ín. Ó wo èkejì, kò rí ìrù, ó mú ọ̀kan, ó jẹ ẹ́. Ó mú òmíràn. Ó ń mú ẹ̀kẹta nígbà tí Ìyá Táíríù wúkọ́.

"Ẹ gbé òkúta fún un," ni Bàbá wí, pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́nu. Ariwo ayọ̀ sọ. Táíríù gbé òkúta kan, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé èyí tó kù, Àwẹ̀ró sì dojú bolẹ̀ níbi tó kúnlẹ̀ sí, ó sunkún ayọ̀ tí kò mọ́ ọn lára tẹ́lẹ̀.

Omi ti ń fà, wọ́n sáré ti ọkọ̀. Ó wọ́ lórí ìtì igi, ó bọ́ sómi, ó sì léfòó. Èrò ti fẹ́ máa kó wọ inú rẹ̀ nígbà tí Gbénga Kánkáwó tọ Bàbá Lámídì wá, tó ń fi ọwọ́ họ orí.

"Bàbá, ọkọ̀ yìí dára púpọ̀. Igi ẹ̀, igi gidi ni. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ló kàn wà, kì í ṣe nǹkan bàbàrà, bí a bá tilẹ̀ wò ó dáadáa..."

Bàbá Lámídì gbé abọ́ edé sókè síwájú rẹ̀. "Bí o bá wé edé," ó wí, "fi ìrù rẹ̀ síta."

Kánkáwó wo abọ́, ó wo èrò tó ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀. "Ó ń jò lápá ọ̀tún," ló wí.

Wọ́n ní kí gbogbo èrò sọ̀kalẹ̀. Wọ́n fa ọkọ̀ padà, wọ́n sì dí ibi tó ń jò. Omi ti fà nígbà tí wọ́n parí, ni wọ́n bá jókòó sétí omi, wọ́n ń jẹ ìpanu tó kù nílẹ̀, tọmọdé tàgbà, àfi Bàbá Lámídì tó di abọ́ tirẹ̀ mú lọ́wọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, èéfín ti ń rú lórí ààrò tuntun nínú agboolé náà.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń sọ ọ́ ní Ẹbúté Orógbó. Kò sí ẹni tó ní kí ènìyàn má wé ohun rẹ̀. Wé e kó dára, wé e kó rẹwà, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ fi sẹ́nu ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Bí o bá wé edé, fi ìrù rẹ̀ síta.