Gílóòbù Mẹ́ta Nílé Ìlọpákí

“Iná tó tan gílóòbù, kò lè yí ẹ̀rọ.” Àwa ará Ìdí-Òro ń pa òwe yìí bí ẹni ń mu omi, àmọ́ ta ló mọ gbòǹgbò rẹ̀ nínú yín? Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ fetí sílẹ̀.

Ọ̀jẹ́wùmí ló ń bá àwọn obìnrin ìlú lọ pákí. Akínlàbí, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, oníṣẹ́ iná ni. Òun ló ra ẹ̀rọ fún bàbá rẹ̀, tó fa waya mẹ́ta sí i láti ara òpó iná, tó sì so gílóòbù kan mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ó ní, “Bàbá mi, iná waya kan tó láti tan gílóòbù. Ṣùgbọ́n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń para pọ̀ yí ẹ̀rọ yìí. Bí gílóòbù kan bá kú, iná ti lọ lára waya rẹ̀ nìyẹn, ẹ má tan ẹ̀rọ o.”

Lọ́dún kejì, ikú mú Akínlàbí lọ. Ọ̀jẹ́wùmí kò sunkún. Kò pẹ́ tó padà sídìí iṣẹ́, tó ń bá àwọn obìnrin ṣẹ̀fẹ̀. Àmọ́ ó yọ gílóòbù méjì, ó kó wọn lọ sínú iyàrá rẹ̀, kò sì fi òmíràn rọ́pò wọn. Ahun kọ́ ló ń ṣe é. Kò fẹ́ máa rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níbi tọ́mọ so wọ́n sí ni.

Lọ́jọ́ kan, ìjì já ọ̀kan lára òpó nínú waya méjì tí kò ní gílóòbù mọ́. Ọ̀jẹ́wùmí kò mọ̀. Gílóòbù tó kù ń tàn yòò, pákí Ìyá Àbẹ̀kẹ́ sì ti ń dúdú nínú agbọ̀n. Ó tan ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kùn hùn-ùn, kò yí. Ó ṣe sùúrù fún un díẹ̀, àfi èéfín. Kó tó pa á, ẹ̀rọ tí Akínlàbí fi sílẹ̀ fún un ti jó tán nínú.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́ kúnlẹ̀ tì í. “Bàbá Akínlàbí, ẹ mọ́kàn le. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sin ọmọ, tẹ́ ẹ ṣì ń bá wa rẹ́rìn-ín, ṣé ẹ̀rọ ló máa wá borí yín?”

Bàbá wòkè. “Ìyá Àbẹ̀kẹ́, iná tó tan gílóòbù, kò lè yí ẹ̀rọ.”

Ọjọ́ náà ló tó sunkún ọmọ rẹ̀. Kò sì lọ pákí mọ́ títí ó fi kú.

Ìdí nìyẹn táwọn àgbà fi ń pa òwe náà bí wọ́n bá rí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, tó ń dáhùn ìkíni, tó ń rẹ́rìn-ín, tí aráyé wá rò pé ara rẹ̀ ti le, tí wọ́n fẹ́ gbẹ́rù lé e. Ẹ̀rín lè wà lẹ́nu ẹni tí agbára ti tán lára rẹ̀.