Ejò Tó Bá Gbòǹgbò Obì Sọdá

Ilẹ̀-Dákẹ́-Kò-Fọhùn àti Gbòǹgbò-Ò-Ròyìn-Ohun-Tó-Rí ló dífá fún Àyọ̀ká, lọ́jọ́ tó ń gbé ọmọ igi obì láti oko ìyá rẹ̀ ní Ìlágbò lọ sílé ọkọ ní Òkè-Àwúsá, níbi tí wọn kò ti gbin obì rí.

Wọ́n ní kó fi àkùkọ adìyẹ àti epo rúbọ. Wọ́n ní tó bá dé odò, kó fọ gbòǹgbò àwọn ọmọ igi náà mọ́ kó tó sọdá, kó má bàa gbé àlejò tí kò pè délé. Àyọ̀ká fi àkùkọ àti epo rúbọ. Ṣùgbọ́n létí odò, àánú ọmọ igi ṣe é. Ní Ìlágbò, ta ló ń já ọmọ igi gbà lọ́wọ́ ilẹ̀ tó bí i? Tòun ti yẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ń fi ewé gbòdògì pọ́n ọn. Ó sọdá bẹ́ẹ̀. Àṣé àbọ̀ ẹbọ ló rú.

Obì hù, inú ilé dùn. Nígbà tí òjò dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí ejò. Ó dúdú, kò ju ekòló lọ. Wọ́n kọ ebè, ó wà níbẹ̀. Wọ́n gbé ìkòkò, ó wà lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo èyí tí wọ́n pa ló lóyún. Wọn kò rí akọ kankan.

Ìyá ọkọ rẹ̀ figbe ta. “Irú ejò wo ló ń bímọ láìlọ́kọ? Àyọ̀ká, ẹrù rẹ ló bá wá. Máa lọ sílé yín!”

 Àyọ̀ká sáré padà tọ àwọn awo rẹ̀ lọ. Wọ́n ní ejò náà kò ní padà mọ́, ṣùgbọ́n kó lọ jẹ́wọ́, kó sì wa ìdí àká níṣojú gbogbo ilé.

Ó kúnlẹ̀ láàárín agbo ilé. “Ẹ̀yin ìyá mi, èmi ni. Wọ́n ní kí n fọ gbòǹgbò, n kò fọ̀ ọ́. Ẹ forí jì mí.”

Ó wa ìdí àká tí ikán máa ń jẹ lọ́dọọdún. Ejò kékeré náà ló wà níbẹ̀, tó ń gbé ẹyin ikán mì. Àyọ̀ká mú un. Ejò náà wé mọ́ ọn níka, kò bù ú jẹ.

Ìyá ọkọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. “Àṣé ikán ló wá bá wa pa! Dìde, ìyàwó mi. Ilé rẹ nìyí.”

Ara tu Àyọ̀ká pẹ̀sẹ̀, ó sunkún ayọ̀. Láti ìgbà náà, ọmọ obì kan kì í kúrò ní Òkè-Àwúsá láìjẹ́ pé Àyọ̀ká fọ gbòǹgbò rẹ̀ lódò. Bó ti ń fọ̀ ọ́ ló ń yin àwọn awo rẹ̀, tó ń kọrin pé: ẹni tó rú àbọ̀ ẹbọ, kó padà wá rú èyí tó kù, ilẹ̀ kò tíì ṣú.