Ẹbọ Ìbídùnní ní Ọ̀sẹ̀ Ìdánwò

Ẹkún ìdánwò ni Ìbídùnní ń sun lọ́jọ́ tí ó tọ Ìyá Ọ̀ṣuntóyìn, olórìṣà Ọ̀ṣun àdúgbò wọn, lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ti ṣe ìdánwò àṣewọlé sí yunifásítì, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni kò yege. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ku ọjọ́ méje. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wu ọmọ náà dé ọkàn, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti sọ ọ́ gbangba pé bí eléyìí náà kò bá bọ́ sí i, ilé aránṣọ ló ń lọ. Kì í ṣe pé kì í kàwé. Bí ó bá ti jókòó síwájú kọ̀ǹpútà ìdánwò ni gbogbo ohun tó ti kà á pòórá lórí rẹ̀.

Kò dá lọ. Ládipọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tí kò ní ìyá mọ́, tí wọ́n jọ ń gbé, tẹ̀ lé e, nítorí òun náà fẹ́ ṣe ìdánwò ọ̀hún. Ìsọ̀yè ni àwọn méjèèjì wá gbà, oògùn tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lá kí ìwé má bàa kúrò lórí.

Ìyá Ọ̀ṣuntóyìn da owó ẹyọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún sórí àtẹ. Ó wò ó títí.

“Mi ò ní fún yín ní ìsọ̀yè. Ohun tó bá wà lórí nìkan ló lè ṣọ́. Ẹbọ ni kí ẹ rú. Ẹ se ẹ̀kuru, kí ẹ pín in fún àwọn ọmọ àdúgbò. Lẹ́yìn náà, títí ìdánwò yóò fi dé, ẹ máa jókòó ti Àwẹ̀ró, ìyá Ìbídùnní, ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ fi Yorùbá sọ ohun tí ẹ kà fún un títí yóò fi yé e.”

“Ìyá, màámi ò kàwé rárá.”

“Mo mọ̀. Ojú rẹ̀ ló ń tì ọ́, ọmọ mi. Ìtìjú yẹn gan-an ni Ọ̀ṣun fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ.”

Ìbídùnní wolẹ̀, nítorí òótọ́ ni. Láti ìgbà tó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gírámà ni ó ti ń gbé ìwé sá fún ìyá rẹ̀.

Ẹ̀rín ni Ládipọ̀ fi rìn délé. “Èmi, kí n máa kọ́ ẹni tí kò mọ lẹ́tà kan ní bàólójì? Ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù.” Ó wá ìsọ̀yè gbà níbòmíràn, ó ń lá a láràárọ̀, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ débi pé ó pa ìwé dé.

Ìbídùnní se ẹ̀kuru, ó pín in. Nírọ̀lẹ́, ó jókòó ti Àwẹ̀ró níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yí ara ká.

“Kò yé mi,” ni Àwẹ̀ró wí jẹ́jẹ́. “Èyí tó ti ọkàn jáde, ibo ló ń gbà padà?”

Ọmọ náà ṣí ìwé, ó sì rí i pé òun kàn há a sórí ni, kò yé òun náà. Ó tún un kà, ó tún un sọ. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, Àwẹ̀ró ti gbé ẹ̀gúsí sílẹ̀ pátápátá, ó ń bèèrè bí ẹni tí oúnjẹ ń dùn mọ́. Lọ́jọ́ karùn-ún ó ní, “Mi ò mọ̀ pé o gbọ́n tó báyìí.” Ìbídùnní sunkún, ó dùn ún pé òun ti fi ìyá òun sílẹ̀ lẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdánwò, Ìbídùnní jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Ó ka ìbéèrè kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé ìyá rẹ̀ ló bi í, ó sì fi sùúrù dáhùn. Ládipọ̀ jókòó nínú gbọ̀ngàn kan náà, ìsọ̀yè ṣì ń ta á lẹ́nu, kò rí nǹkan kan rántí.

Ìbídùnní rí ààyè nọ́ọ̀sì gbà. Máàkì Ládipọ̀ kò tó nǹkan kan. Lọ́jọ́ tí ọmọ ń lọ sílé ẹ̀kọ́, Àwẹ̀ró bá a gbé àpótí dé ibi ọkọ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi gbéra. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé, “Ta ni yóò máa sọ ọ́ fún mi báyìí?”

Ládipọ̀ tó wà nítòsí gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó mú ìwé rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún un. Àwẹ̀ró sún fún un lórí ẹní.

Ẹni tó rúbọ ti ń wọ aṣọ funfun nọ́ọ̀sì. Ẹni tó fi ẹbọ ṣẹ̀sín pàdánù odidi ọdún kan, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rú tirẹ̀.