Òòrẹ̀ Inú Ọgbà àti Òòrẹ̀ Ẹ̀yìn Ọgbà

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní ìsàlẹ̀ ẹní yẹn ò dáhùn. Ẹ jẹ́ kí n tún un pè. Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ó dára bẹ́ẹ̀. Àlọ́ mi gbéra, ó rìn títí, ó wọ igbó, ó lọ bá Òòrẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún lẹ́yìn ọgbà ilé ẹ̀kọ́ kan, níbi tó jókòó sí tí inú ń bí i.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí àwọn ẹranko ṣì ń kàwé, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan wà lórí òkè. Wọ́n ń kọ́ ẹ̀kọ́ pàkúté níbẹ̀ láàárọ̀, wọ́n ń kọ́ ẹ̀kọ́ egbòogi lọ́sàn-án, wọ́n sì ń kọ́ ẹ̀kọ́ ẹjọ́ dídá nírọ̀lẹ́. Ẹni tó bá kẹ́kọ̀ọ́ yanjú, wọn á dé e ní fìlà, á padà sílé lọ máa ṣe àwọn èèyàn rẹ̀ lóore. Ṣùgbọ́n àyè kò pọ̀. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ní àyè ẹnì kan ṣoṣo láàárín ọdún méje.

Nílé Òòrẹ̀, Àkàngbé ni wọ́n yàn. Kì í ṣe ọmọdé mọ́. Pàkúté ọdẹ ló pa bàbá rẹ̀. Pàkúté náà ló gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì láàárín oṣù kan. Àwọn àgbà ilé pè é, wọ́n ní, "Àkàngbé, lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú pàkúté wá. Bí kò bá sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, ilé yìí á tán." Ìyá rẹ̀, tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, di iṣu sísun fún un. Olórí ẹbí fi àrokò lé e lọ́wọ́: ẹ̀gún mẹ́ta tí wọ́n fi òwú pupa so mọ́ èkùrọ́ kan. Ẹni tó bá mú àrokò yẹn dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ ni wọn yóò gbà wọlé ní orúkọ ilé Òòrẹ̀.

Òòrẹ̀ mú ọ̀nà pọ̀n. Ó kù díẹ̀ kó dé ẹsẹ̀ òkè ló bá Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ pàdé.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ yìí ti wà nílé ẹ̀kọ́ náà rí ní orúkọ ara rẹ̀. Wọ́n lé e. Ó ń sùn ní kíláàsì, ó sì ń jí ẹyin Ìyá Adìẹ tó ń dáná fún wọn jẹ. Ẹ̀kọ́ kọ́ ló ń wá. Oúnjẹ tí àwọn ìdílé ń fi ránṣẹ́ sí ọmọ wọn ló ń wá, àti fìlà tí wọ́n máa ń torí rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fúnni.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrìn o. Níbo là ń rè pẹ̀lú ẹrù tó tó báyìí?"

"Ilé ẹ̀kọ́ gíga ni."

"Ẹ̀yin? Ẹ má bínú o, ẹ̀gbọ́n, ojú yín ò jọ ojú akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n á ní kí ẹ padà."

Inú bí Òòrẹ̀. Ó fa àrokò yọ nínú àpò. "Kí lo pe èyí?"

Ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kò tọrọ rẹ̀. Kò bẹ̀ ẹ́ kó fi hàn òun. Ìbínú Òòrẹ̀ fúnra rẹ̀ ló fà á yọ.

"Háà! Àrokò gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, ẹ wo eruku lára yín. Ṣé báyìí lẹ ṣe fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́, kí wọ́n máa fi ilé Òòrẹ̀ rẹ́rìn-ín? Odò kan wà nísàlẹ̀ yẹn. Ẹ lọ wẹ̀. Mà á bá yín ṣọ́ ẹrù."

Òòrẹ̀ lọ wẹ̀. Ó wẹ̀ dáadáa. Nígbà tó padà, kò bá ẹrù, kò bá àrokò, kò bá Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Àwọn ẹ̀gún tó já bọ́ lára rẹ̀ sílẹ̀ pàápàá, olè ti ṣà wọ́n lọ. Bó ṣe ṣe fún ọmọ Awó lánàá nìyẹn. Bó ṣe ṣe fún ọmọ Ọ̀kẹ́rẹ́ níjẹta nìyẹn. Ojú ti àwọn yẹn láti padà sílé, wọ́n lọ fara pamọ́ sọ́dọ̀ ìbátan lọ́nà jíjìn. Òòrẹ̀ kò lọ síbì kankan. Ó gun òkè lọ.

Àgbò ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ìwé ńlá kan wà níwájú rẹ̀.

"Orúkọ?"

"Òòrẹ̀."

Àgbò ṣí ìwé, ó fi pátákò tẹ ojú ìwé kan. "Òòrẹ̀ ti wọlé láàárọ̀."

"Èwo ni Òòrẹ̀ ti wọlé? Èmi ni Òòrẹ̀!"

"Ó mú àrokò wá. Tìrẹ dà?"

"Wọ́n jí i."

"Ẹni tó mú àrokò wá ni Òòrẹ̀."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ara mi. Ẹ wo ẹ̀gún. Ẹ wo imú mi."

"A kì í wo imú níbí. Àrokò là ń wò."

"Ta ni mo wá jẹ́ o?"

"Ìyẹn ò sí nínú iṣẹ́ mi," ni Àgbò wí. "Ẹnu ọ̀nà niṣẹ́ mi. Kúrò níbẹ̀, ẹlòmíràn ń bọ̀."

Òòrẹ̀ lọgun. Ó bẹ̀bẹ̀. Ó yí ọgbà náà ká lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbẹ̀yìn ó jókòó sẹ́yìn ọgbà, lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, ó ní òun kò ní padà. Bó bá padà, kí ni yóò wí? Pé òun ń wẹ̀? Àyè ọdún méje ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé kíláàsì pàkúté ló wà ní ẹ̀gbẹ́ ọgbà níbẹ̀. Bàbá Ìgalà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni olùkọ́ wọn. Pàkúté ló gba ẹsẹ̀ kẹrin. Láràárọ̀ ni ohùn rẹ̀ máa ń gba inú ọgbà kọjá:

"Okùn pàkúté kì í tú fún ẹni tó ń fà á. Bí o bá ń fà, ó ń fún. Dúró. Mí. Wá ibi tí kókó wà."

Òòrẹ̀ á máa tún un sọ lẹ́yìn rẹ̀. "Dúró. Mí. Wá ibi tí kókó wà." Láàárín ọ̀rọ̀ Bàbá Ìgalà, ó máa ń gbọ́ ìró kan, họ̀ọ̀n, họ̀ọ̀n. Ẹnìkan ń han-run. Ó yọjú níbi tí ọgbà ti là. Kí ló rí? Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni! Ó fi àtè lẹ ẹ̀gún Òòrẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, ó káwọ́ lérí, ó ń sùn.

Lọ́sàn-án, Òòrẹ̀ tún yọjú. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan náà ló ń fi ìyẹ́ awó rìn lọ sí kíláàsì egbòogi. Nírọ̀lẹ́, ó so irun ìrù ọ̀kẹ́rẹ́ mọ́ ìdí, ó lọ jókòó ní kíláàsì ẹjọ́ dídá.

"Olè!" ni Òòrẹ̀ ké láti ẹ̀yìn ọgbà. "Orúkọ ta lò ń jẹ́?"

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ súnmọ́ ọgbà, ó ń fi èékánná ta eyín. "Èwo nínú wọn, ẹ̀gbọ́n? Tàárọ̀ ni, tọ̀sán ni, àbí tìrọ̀lẹ́?"

"Wọ́n á mú ọ!"

"Ta ni yóò mú mi? Àrokò mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ mi, ìwọ ò ní ẹyọ kan. Nínú àwa méjèèjì, ta ló jọ olè?"

Òòrẹ̀ padà sídìí igi àgbálùmọ̀.

Lọ́jọ́ márùn-ún márùn-ún, Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ a máa gbé oúnjẹ àwọn ìdílé wá. Òórùn iṣu sísun ìyá Òòrẹ̀ á ti ṣáájú rẹ̀ dé.

"Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, èmi rèé. Èmi ni wọ́n di ẹrù yẹn fún."

"Wọ́n ní kí n gbé e fún Òòrẹ̀ tó wà nínú ọgbà. Ṣé inú ọgbà lo wà?"

"Rárá, ṣùgbọ́n—"

"Ó tán."

"Sọ fún ìyá mi pé ìta ni mo wà!"

"Ẹrù ni mò ń gbé. N kì í gbé ọ̀rọ̀." Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ á kọjá. Òòrẹ̀ á lọ wa gbòǹgbò jẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìhan-run Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ á tún le sí i, torí pé oúnjẹ ilé mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn, ọdún kan gbáko ni ìyà yìí fi jẹ Òòrẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń sun iṣu, olè ń jẹ ẹ́, ọmọ ń wò ó.

Ọjọ́ ìdéfìlà kò. Àṣà wọn ni pé bí wọ́n bá pe akẹ́kọ̀ọ́, ìyá rẹ̀ á jáde, á kì í ní oríkì lójú gbogbo ayé, kí Igún, ọ̀gá àgbà, tó dé e ní fìlà. Àwọn ìyá péjọ. Òòrẹ̀ lẹ ojú mọ́ ibi tí ọgbà ti là. Àgbò ti kìlọ̀ fún un: "Lónìí, bí o bá pariwo, wọ́n á lù ọ́ jáde lórí òkè yìí." Ó pa ẹnu mọ́.

Igún kígbe: "Òòrẹ̀!"

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ jáde. Ó sanra bọ̀kọ̀tọ̀. Ó ti wọ ìyẹ́ awó sábẹ́ ẹ̀gún, ó sì ká irun ọ̀kẹ́rẹ́ sábẹ́ ìyẹ́, torí pé wọn yóò pè é lẹ́ẹ̀mẹta, kò sì ní ráyè pààrọ̀. Ìyá Òòrẹ̀ fi ọ̀pá wá ọ̀nà dé iwájú rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò rí nǹkan kan ju òjìji lọ. Ó gbé oríkì sẹ́nu. Ẹ máa gbè é o:

Àkàngbé, ọmọ agbẹ́lẹ̀-má-lo-ọkọ́!
*Wọ̀rọ̀-wọ̀rọ̀, wọ̀rọ̀.*
Ajá rí ọ lánàá, ajá gbàgbé gbígbó.
*Wọ̀rọ̀-wọ̀rọ̀, wọ̀rọ̀.*
Ekùn nawọ́ sí ọ, ekùn ń lá àtẹ́lẹwọ́.
*Wọ̀rọ̀-wọ̀rọ̀, wọ̀rọ̀.*
Ọmọ ab'ara-bí-ọfà, orí ẹ ò ní burú.
*Wọ̀rọ̀-wọ̀rọ̀, wọ̀rọ̀.*

Ìyá dánu dúró. Ó dẹ etí sílẹ̀.

"Ta lẹ fi dúró síwájú mi yìí?"

"Ìyá, ọmọ yín ni," ni Igún wí.

"Kì í ṣe ọmọ mi. Láti ọjọ́ tí mo ti bí Àkàngbé, mi ò tíì kì í rí kí ẹ̀gún ara rẹ̀ má dìde. Bó ń ṣàìsàn, á dìde. Bá a bá jà, tí kò fẹ́ dá mi lóhùn, á dìde. Eléyìí dákẹ́ bí òkúta."

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ sọ ohùn rẹ̀ di pẹ̀lẹ́. "Ìyá mi, ó ti rẹ̀ mí ni. Ìwé ti pọ̀ jù lórí mi."

"Ẹnu kọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Orí ni mò ń kì."

Lẹ́yìn ọgbà, Òòrẹ̀ ń bá ara rẹ̀ jà. Láti ìlà àkọ́kọ́ ni orí rẹ̀ ti wú. Ó fún apá mọ́ ara, ó di eyín, ó ní kí ẹ̀gún òun jọ̀wọ́ dákẹ́. Ẹ̀gún kò gbọ́ tirẹ̀. Gbogbo wọn dìde lẹ́ẹ̀kan náà: ṣàràràrà!

Gbogbo pápá yíjú sẹ́yìn ọgbà.

Ìyá yí padà. Ó fi ọ̀pá tọ ìró náà lọ, tààrà, títí dé ẹnu ọ̀nà. Àgbò na ìwo.

"Ìyá, ẹni yẹn ò ní àrokò."

"Ó ní ìyá. Yẹra lójú ọ̀nà."

Ó kì í lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀gún dáhùn, ṣàràràrà. Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kan imú rẹ̀.

"Àkàngbé, kí lo ń ṣe níta?"

"Wọn ò jẹ́ kí n wọlé, Ìyá."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí mo ti dé."

"Iṣu mi ńkọ́?"

"Òun ló ń jẹ ẹ́."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, Ìyá."

Ìyá fi imú ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó padà sí pápá, ó nawọ́ sí ẹ̀yìn Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ó fà. Ẹ̀gún tú tàtè-tàtè, ìyẹ́ awó yọ lábẹ́ rẹ̀. Ìyá Awó sáré dìde: "Ìyẹ́ ilé wa rèé! Ọmọ mi dà?" Òun náà fà. Irun ọ̀kẹ́rẹ́ yọ. Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ fi ìdí igi sílẹ̀, ó bẹ́ mọ́ ọn. Nígbà tí àwọn ìyá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ṣe tán, Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lásán ló kù, àtè lára, irun ara rẹ̀ já dànù. Wọ́n lé e títí ó fi wọ igbó. Títí di òní, kì í jẹ́ ìpè ẹnikẹ́ni. Bí o bá pè é lórúkọ, á sá. Àwọn ìyá sì ránṣẹ́ lọ wá ọmọ wọn.

Ojú ti Igún. Ó mú fìlà, ó wá bá Òòrẹ̀. "Orúkọ rẹ ti wà nínú ìwé pé o ti parí. Wá, kí n dé e fún ọ, kí ọ̀rọ̀ yìí tán."

Gbogbo pápá pàtẹ́wọ́. Ẹ rò pé inú Òòrẹ̀ dùn? Inú tún bí i ni.

"Ọ̀gá, ẹ ò tíì gbọ́ mi síbẹ̀! Kì í ṣe fìlà ni mo tọrọ láti ọdún kan. Àyè ìjókòó ni. Mo gbọ́ ohùn Bàbá Ìgalà láti ẹ̀yìn ọgbà, mi ò rí ọwọ́ rẹ̀. Mo mọ ọ̀rọ̀ pàkúté lẹ́nu, mi ò tíì fọwọ́ kan ọ̀kan rí. Bí mo bá dé fìlà yìí lọ sílé, tí pàkúté mú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, kí ni mà á fi tú u? Fìlà? Èmi pẹ̀lú Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, kí ni ìyàtọ̀ wa?"

Bàbá Ìgalà ló fi ẹsẹ̀ mẹ́ta tiro jáde. "Ọ̀la, láàárọ̀. Iwájú ni kó o jókòó sí."

Òòrẹ̀ jókòó síwájú, láàárín àwọn ọmọ tó lè bí. Wọ́n ń pè é ní Bàbá. Ó ń dá wọn lóhùn. Ó fọwọ́ tú pàkúté, pàkúté gé e, ó tún tú u. Lọ́dún tó tẹ̀lé e tó padà sílé, ọmọ méjì nílé Òòrẹ̀ kó sí okùn ọdẹ. Àwọn méjèèjì fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wálé.

Ìdí àlọ́ mi rèé. Ó ń kọ́ wa pé èèyàn lè jí orúkọ ẹni, ó lè jí àyè ẹni, ó tilẹ̀ lè jí iṣu ẹni jẹ, ṣùgbọ́n kò lè jí ohun tí a jókòó kọ́. Ó sì ń kọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà pé kí ẹ máa wo ojú èèyàn kí ẹ tó wo ìwé.

Bí mo bá parọ́ mọ́ Òòrẹ̀, kí ẹ̀gún rẹ̀ gún mi lẹ́sẹ̀ bí mo ti ń wọlé lọ yìí. Ẹ wò ó, mo ń lọ. Kò gún mi.